Ọ́kíìdì Ilẹ̀ Kì Í Ṣe Àfòmọ́

“Àfòmọ́ ni, Tíṣà. Ẹ yẹra díẹ̀ kí n gé e dànù.”

Bàbá tó sọ̀rọ̀ yìí ti gbé àdá sókè kí ó tó sọ ọ́ tán. Inú oko kòkó rẹ̀ la wà lẹ́yìn Ìkọ̀lé-Èkìtì, níbi tí igbó ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ tí ọ̀dàn sì ń gba ipò rẹ̀. Ewéko tó fẹ́ gé kò sí lórí igi rárá. Ilẹ̀ ló dúró sí, láàárín ewé gbígbẹ, ó sì jìnnà tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ìdí kòkó tó sún mọ́ ọn jù lọ. Mo ní, “Bàbá, ilẹ̀ mà ló wà.” Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ó já bọ́ láti orí igi ni.”

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àmọ́ mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Ọ̀yẹ́, mo ti gbọ́ ọ ní Ìdó, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí à ń fi ẹ̀rín dáhùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ́kíìdì, ibi yòówù kó hù sí, àfòmọ́ ni, omi ara ẹlòmíràn ló ń mu. Àṣìṣe yìí ti bí òmíràn: pé ọ́kíìdì tó lẹ́wà, tó yẹ ní gbígbìn, òdòdó òyìnbó ni, inú ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó ni wọ́n ti ń rí i. Ẹni tó bá gba méjèèjì gbọ́, bó bá bá ọ́kíìdì pàdé ní oko baba rẹ̀, á gé e; bó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ tó fẹ́ gbìn ín, ìgbìn tí yóò pa á ni yóò gbìn ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: kí ni ọ́kíìdì ń jẹ?

Kí n má fi ẹ̀tọ́ bàbá dù ú. Àfòmọ́ gidi wà, ọ̀tá kòkó sì ni. Tapinanthus àti Phragmanthera ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe méjì tó wọ́pọ̀ nínú wọn. Ẹyẹ ló ń gbìn wọ́n. Oje inú èso wọn ń lẹ̀ bí àtè; ẹyẹ á jẹ ẹ́, á fi ẹnu nu ẹ̀ka, hóró á sì lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gún èèpo náà wọlé títí yóò fi kan iṣan tí igi fi ń fa omi gòkè. Ewé rẹ̀ ń fi oòrùn se oúnjẹ lóòótọ́, àmọ́ omi àti iyọ̀ ilẹ̀ tó fi ń sè é, olè ló jà á. Bó bá pọ̀ lórí ẹ̀ka kan, ẹ̀ka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ láti orí wá. Nígbà tí àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Àwọn olùkọ́ èdè wa pàápàá, nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ègé ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró àfi kó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àfòmọ́ ni wọ́n pè é, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a sọ orúkọ ẹnì kan di ti gbogbo ará ilé. Ohunkóhun tó bá ti hù sórí igi, a ti sọ ọ́ di àfòmọ́. Ewéko tó rí gbàràgàdà bí etí erin lára ìtì igi, àfòmọ́. Ansellia africana, ọ́kíìdì ńlá tó máa ń di òdìdì sí ọrùn ọ̀pẹ, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tó sì ní àmì tóótòòtó bí ara àmọ̀tẹ́kùn, òun náà àfòmọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ń mu igi nínú wọn. Ibùsùn ni igi jẹ́ fún wọn, kì í ṣe àwo oúnjẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì, kó fi èékánná tú gbòǹgbò ọ́kíìdì orí igi kan wò. Yóò rí i pé orí èèpo ni gbòǹgbò náà nà lé gbalaja, kò wọlé. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ojú ọgbẹ́. Gbòǹgbò ọ̀hún wọ ẹ̀wù funfun kan tó rí bíi kànrìnkàn, ẹ̀wù yẹn ló sì ń fi gba òjò àti ìrì. Bí òjò bá pa á, funfun rẹ̀ á ṣí, àwọ̀ ewé abẹ́ rẹ̀ á hàn. Kí ẹni náà wá lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àfòmọ́ gidi: kò ní í rí ibi tí igi parí sí tí àfòmọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí àgbẹ̀ má tọ́jú kòkó rẹ̀ o. Ara ìtì gan-an ni kòkó ti ń yọ òdòdó tó sì ń so; bí ewéko kéékèèké bá bo ìtì náà pátá, òdòdó kò ní í rí ojú yọ. Bó bá fẹ́ gbá wọn kúrò níbẹ̀, ó ní ìdí. Àmọ́ kó mọ̀ pé ilé ló ń gbá, kì í ṣe olè ló ń lé.

Èyí tó wà nílẹ̀ wá ńkọ́? Òun kò tilẹ̀ mọ orí igi. Ewéko tí bàbá fẹ́ gé lọ́jọ́ náà, Eulophia guineensis ni. Ó ní ewé mẹ́ta tó fẹ̀, tó ní ìlà gígùn-gígùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léṣẹ̀ẹ́. Ìdí rẹ̀ wú, ó tó ẹyin adìyẹ, ó sì yọ sókè ilẹ̀, mẹ́rin ló so kọ́ra wọn bíi ti ọmọ ìyá. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, inú ilẹ̀ ló sì wọ̀. Ewé rẹ̀ ń gba oòrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹnu mọ́ ọn pé olè ni dandan, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè pè ní ẹni tí wọ́n jà lólè, ẹni náà kì í sì í ṣe igi. Olú ni.

Ẹ já èso Eulophia kan tó ti gbó, ẹ gbọn inú rẹ̀ sórí ìwé. Ohun tí yóò dà sílẹ̀ kúnná ju èlùbọ́ lọ, èémí imú yín tó láti gbé e lọ. Hóró ni gbogbo rẹ̀. Charles Darwin jókòó ka irú hóró bẹ́ẹ̀ nínú ọ́kíìdì ilẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1862, ó ní hóró bí 6,200 ló wà nínú èso kan, ó sì ṣírò rẹ̀ sí 186,300 fún ewéko kan péré. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń hù, ó ní, àtọmọdọ́mọ ewéko kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ ayé láàárín ìran díẹ̀.

Kí wá ló dé tí wọn kò bò ó? Hóró àgbàdo gbé oúnjẹ dání kúrò nílé ìyá rẹ̀. Ẹ gún un, ẹ ó rí ìyẹ̀fun. Ọwọ́ òfo ni hóró ọ́kíìdì fi jáde nílé. Ó ní láti bọ́ síbi tí irú olú kan ti ta fọ́nrán sínú ilẹ̀, àwọn fọ́nrán funfun tó dà bí òwú aláǹtakùn tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá ṣí ewé jíjẹrà. Fọ́nrán náà á wọ inú hóró, hóró á sì máa jẹ nínú ṣúgà tí olú gbé wá láti ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ ọ́kíìdì lè fi wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, láìní ewé, láìrí oòrùn, tí olú ń bọ́ ọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Noël Bernard ló rí i ní 1899, nígbà tó bá àwọn ọmọ ọ́kíìdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù pàdé nínú igbó tí olú sì wà nínú gbogbo wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù ń fi owó rẹpẹtẹ ra ọ́kíìdì láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn olùṣọ́gbà wọn sì ń gbin hóró rẹ̀, kì í sábà hù, wọn kò mọ ohun tó ń pa á. Ní 1922, Lewis Knudson ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹni tó bá fún hóró náà ní ṣúgà nínú ìgò tí kòkòrò kankan kò sí, ó lè mú un hù láìsí olú. Láti inú ìgò bẹ́ẹ̀ ni ọ́kíìdì olówó ńlá inú ṣọ́ọ̀bù ti ń jáde títí dòní.

Kò yẹ kí èyí jẹ́ àjèjì sí ará Ìkọ̀lé. Olú ńlá tó ń hù lára ògán nígbà òjò, tí àwọn ọmọ máa ń sáré wá kiri, ikán ló gbìn ín. Ikán ń ru igi àti ewé gbígbẹ wọlé, olú ń bá wọn jẹ ẹ́ rà, àwọn náà sì ń jẹ ohun tí olú sè. Bí ikán bá lè bá olú da oko pọ̀, kí ló dé tí ọ́kíìdì kò ní lè ṣe é?

Bó bá yọ ewé tán, ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì ilẹ̀ ń dá oúnjẹ se, a sì ti rí àwọn kan tó ń san lára gbèsè náà padà fún olú. Àwọn kan kì í san án láéláé. Auxopus wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ́kíìdì tíńtín tí kò ní ewé kankan, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti igi gbígbẹ; ọjọ́ ayé rẹ̀ gbogbo ni olú fi ń bọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọ́kíìdì kan ní àfòmọ́ dandan, òun ni kí ẹ pè bẹ́ẹ̀, mi ò ní í bá yín jà. Àmọ́ ara olú ló fò mọ́, kì í ṣe ara kòkó bàbá.

Ká tilẹ̀ ní a ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ́kíìdì ilẹ̀ lọ́rùn, èyí tó dá gan-an wà lọ́tọ̀. Ní 1975, àwọn olùwádìí méjì, Lock àti Profita, kọ ohun tí wọ́n rí lára Eulophia cristata ní gúúsù ilẹ̀ Gánà. Oyin dúdú ńlá, irú èyí tó máa ń dá igi àjà lu, ló ń bẹ òdòdó náà wò. Òdòdó ṣe ara lóge bí ẹni tó se ọbẹ̀ sílé, oyin yọ orí bọ̀ ọ́, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó ń yọ orí padà, ẹrù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò bá òdòdó gbé lọ sí ibòmíràn, lọ́fẹ̀ẹ́. Gbájú-ẹ̀ ni ọ́kíìdì yìí; ìyẹn náà sì yàtọ̀ sí olè.

Ó wá ku bí a ṣe ń dá a mọ̀, ibẹ̀ sì ni ojú ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ewé nìkan kò tó. Nígbà tí Eulophia kò bá tíì yọ òdòdó, ewé rẹ̀ jọ ti ọmọ ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù débi pé ẹni tó ń roko lè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí epo. Ó jọ ewé èpà ìkún náà, èyí tí àwọn elewé-ọmọ ń tà lọ́jà. Òdòdó ni kí ẹ dúró dè. Ti èpà ìkún pọ́n bí ìyeyè, apá mẹ́fà rẹ̀ sì dọ́gba, ó rí bí ìràwọ̀. Ti ọ́kíìdì kì í dọ́gba: mẹ́ta wà lóde, mẹ́ta wà nínú, ọ̀kan nínú àwọn ti inú sì ti yí padà pátápátá, ó fẹ̀, ó ní àwọ̀ tirẹ̀, ó yọ síwájú bí ètè ìsàlẹ̀ ọmọ tó ń bínú. Orí ètè yẹn ni oyin ń bà lé.

Ẹ wo àárín òdòdó náà. Nínú ìsumẹ́rí, ewéko olódòdó funfun tó máa ń hù létí àbàtà, ẹ ó rí fọ́nrán akọ mẹ́fà tó gùn, tí ìyẹ̀fun wà lórí wọn. Nínú ọ́kíìdì, akọ àti abo ti di ẹyọ òpó kan, ìyẹ̀fun kò sì sí; ohun tó dípò rẹ̀ jẹ́ ìṣù kéékèèké tó dà bí ìda oyin, ó wà lábẹ́ fìlà kan ní orí òpó náà. Ẹ fi ẹyọ ọwọ̀ kan tọ́ ọ níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ìṣù méjì bá bá ọwọ̀ jáde tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni mọ́, ọ́kíìdì lẹ mú.

Ataare ló ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù. Òdòdó rẹ̀ náà ń yọ láti ìdí, nítòsí ilẹ̀, ó sì ní ètè gbàgbà kan tó lẹ́wà. Mo ti rí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ tó sì búra pé ọ́kíìdì tuntun lòun rí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ra igi rẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀: ta-ta ni, bíi ti ata ilẹ̀, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Òdòdó ataare ní ìyẹ̀fun, ti ọ́kíìdì kò ní.

Èyí tó ṣòro jù, tí mo sì fẹ́ràn jù, ni Oeceoclades maculata. Abẹ́ igi, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ló ń gbé. Ewé rẹ̀ le bí awọ, ó ní àbàwọ́n eérú lórí àwọ̀ ewé, ẹyọ kan ló sì sábà máa ń yọ lórí ìdí wíwú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀já ìkookò ni gbogbo ẹni tó bá rí i yóò pè é. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ọ̀já ìkookò kò ní ìdí tó wú lókè ilẹ̀, ewé rẹ̀ a sì máa yọ láti ara ìtàkùn tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, bí ẹ bá fa ewé náà ya, fọ́nrán le-le inú rẹ̀ ló ń di okùn.

Oeceoclades yìí kan náà ni mo fi ń dá àwọn tó ní òdòdó òyìnbó ni ọ́kíìdì lóhùn. Ìdílé Áfíríkà ni ìdílé rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí John Lindley, onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní 1821, láti Brazil ni èyí tó wà níwájú rẹ̀ ti wá. Ó ti sọdá òkun ṣáájú. Ó ti gba erékùṣù Caribbean, wọ́n rí i ní Florida ní 1974, ó sì ń pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń ṣàròyé. Ó mọ bí a ṣe ń gbé ìlú àjèjì: bí oyin tó mọ̀ ọ́n kò bá sí, òjò tó kán sí òdòdó rẹ̀ tó láti mú un gba ara rẹ̀ lóyún. Ta wá ni àjèjì lọ́dọ̀ ta? Phalaenopsis inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní òdòdó òyìnbó pàápàá, igbó Éṣíà ló ti wá, kì í ṣe ti òyìnbó.

Apá àríwá Èkìtì wà níbi tó dára fún irú ẹ̀dá báyìí, nítorí pé igbó àti ọ̀dàn pàdé níbẹ̀. Eulophia guineensis fẹ́ ìbòòji díẹ̀. Eulophia cucullata fẹ́ràn ọ̀dàn gbangba: lẹ́yìn tí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti jó koríko, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, ọ̀pá òdòdó rẹ̀ á yọ láti inú ilẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì nà tán, òdòdó ńláńlá aláwọ̀ àlùkò tó fẹ́ pọ́n. Siẹra Líónì ni Adam Afzelius, ọmọ Sweden tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Linnaeus, ti pàdé rẹ̀ nígbà tó wà níbẹ̀ láàárín 1792 sí 1796. Eulophia horsfallii ní tirẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń gbé, ó sì ga ju ènìyàn lọ. Àkọsílẹ̀ wà fún gbogbo wọn. V. S. Summerhayes kọ apá ọ́kíìdì nínú ìwé ńlá lórí ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jáde ní 1968. Segerbäck kọ odidi ìwé lórí ọ́kíìdì Nàìjíríà nìkan ní 1983. Ilé-ìkẹ́wéko tó wà ní ibùdó ìwádìí igbó ní Ìbàdàn sì ń tọ́jú ewéko gbígbẹ tí ènìyàn lè fi wé tirẹ̀. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé gan-an. Ẹni tó bá rí èyí tí kò mọ̀, kó ya fọ́tò òdòdó níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ya ti ewé àti ti ìdí. Kó má fà á tu.

Ní ti gbígbìn, ẹni tó bá mọ iṣu gbìn ti mọ ìdajì. Ìdí wíwú Eulophia, iṣu ni kí ẹ kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ilẹ̀ ni ti àwọn kan ń gbé. Inú rẹ̀ ló ń tọ́jú omi àti oúnjẹ pamọ́ sí de ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewé Eulophia guineensis á pọ́n, á gbẹ, á já. Ibí yìí ni àṣìṣe àfòmọ́ ti ń padà wá ṣe iṣẹ́ ibi nínú ọgbà: ẹni tó rò pé nǹkan yìí ń mu omi ara ẹlòmíràn á ní, “Ebi ń pa á, kò rí ẹni mu,” á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi sí i lárọ̀ọ́ lálẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdí rẹ̀ á rà. Ta ló ń rọ omi sí iṣu lórí ọ̀gbà iṣu? Ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sí abẹ́ àjà, kó gbẹ, ẹ má dà á láàmú títí ojú tuntun yóò fi yọ lára rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ omi, díẹ̀díẹ̀.

Iyanrìn gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ tí ẹ ó lò. Ẹ fi ewé jíjẹrà láti abẹ́ igi sí i, ẹ fi èédú fífọ́ wẹ́wẹ́ àti òkúta kéékèèké sí i kí omi lè máa jò lọ. Ẹ má sin ìdí wíwú náà mọ́lẹ̀ pátá. Bí ìdajì rẹ̀ bá yọ síta, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ má pín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí méjì tàbí mẹ́ta máa bára wọn lọ, kí ojú ibi tí ẹ gé sì gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbìn ín, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ebu. Oògùn tí wọ́n fi ń pa olú lára kòkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé ìtòsí rẹ̀. Ajílẹ̀ inú àpò náà, ẹ rọra pẹ̀lú rẹ̀. Alágbàtọ́ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ yẹn, ojú lásán kò rí i, ẹ má pa á fún un.

Ti hóró, ìyẹn ṣòro. Ẹni tí kò ní yàrá ìwádìí kò lè ṣe ti Knudson. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń gbọn èso gbígbó sí ìdí ìyá rẹ̀, lórí ewé jíjẹrà, níbi tó jẹ́ pé olú tó tọ́ ìyá dàgbà ṣì lè wà níbẹ̀. Nínú gbogbo hóró tí mo ti gbọ̀n, méjì péré ló hù. Mo ṣì ń gbọ̀n ọ́n.

Èyí tí ẹ ó gbìn, ibi tí katakátá fẹ́ wọ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ni kí ẹ ti wú u, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó nilẹ̀. Gbogbo ẹbí ọ́kíìdì pátá ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES lórí òwò ewéko àti ẹranko ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i láti 1974. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó mọ̀ pé ìwé àṣẹ ni yóò kọ́kọ́ gbà.

Bàbá gbọ́ gbogbo èyí, ó kéré tán, ó gbọ́ èyí tí mo lè sọ lórí ìdúró nínú oko. Ó sọ àdá kalẹ̀. Ó fi igi kan sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ewéko náà kí àwọn lébìrà má baà fi ọkọ́ gé e. Ó wá béèrè ohun tí àgbẹ̀ gidi yóò béèrè: “Iṣu tí ẹ ń pè yìí, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?”

Mo sọ fún un pé wọ́n ń jẹ irú rẹ̀ ní Sáḿbíà. Iṣu ọ́kíìdì ilẹ̀ ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ẹ̀pà tí wọ́n á sì sè é títí á fi dì, chikanda ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń wú u tẹ́lẹ̀ fún jíjẹ nínú ilé. Nígbà tó di ohun títà lọ́jà ìlú ńlá, wọ́n wú èyí tó wà nítòsí wọn títí ó fi wọ́n, wọ́n sì wá ń rà á láti Tàǹsáníà.

Bàbá dákẹ́. Ó bojú wo ọ̀nà ilé, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ru igbá kòkó bọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́ èyí lẹ́nu yín o.”